Kíkọ́ Ọ̀rẹ́ Ẹni Ní Bí A Ṣe Ń Fi Sùúrù Bá Ẹṣin Lò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ ẹṣin lò dáadáa ni ọkàn wọn kì í balẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn bá ní òun náà fẹ́ kọ́ ọ. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo kọ àwọn ìdáhùn yìí fún: ẹni tó ní ẹṣin kan tó mọ ìwà rẹ̀, tó ní ọ̀rẹ́ kan tó ti dàgbà ṣùgbọ́n tí kò fọwọ́ kan ẹṣin rí, tó sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì kúrò nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ láìfarapa àti láìsí ìpayà.

Kí ni ọ̀nà tí à ń sọ yìí gan-an, ibo ló sì ti wá?

Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní natural horsemanship ni bíbá ẹṣin lò ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí ó ti mọ̀ láti inú agbo. Nínú agbo, ẹṣin kan lè fi etí, ọrùn àti ìdúró ara sọ fún èkejì pé kí ó yà lọ́nà. Bí èkejì bá sì ti yà, èyí àkọ́kọ́ á fi í sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìyẹn ni olùkọ́ ń wò ṣe. Ó ń fi agbára tó kéré jù lọ béèrè, ó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹṣin kò bá dáhùn, ó sì ń dẹwọ́ ní kété tí ẹṣin bá ti gbìyànjú. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí àṣà àtijọ́ kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti máa ń de ẹṣin mọ́lẹ̀, tí wọ́n á sì gùn ún bí ó ti ń fò sókè títí agbára rẹ̀ yóò fi tán.

Àwọn tí a mọ̀ mọ́ ọ̀nà yìí jù lọ ni Tom Dorrance, tí a bí ní 1910 tó sì kú ní 2003, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Bill Dorrance, àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ olùsìn ẹran ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ray Hunt kọ́ ọ lọ́dọ̀ Tom, ó sì ń gbé ẹ̀kọ́ náà kiri títí ó fi kú ní 2009. Ọ̀dọ̀ Ray Hunt ni Buck Brannaman náà ti kọ́ ọ. Pat Parelli ló wá to ẹ̀kọ́ orí ilẹ̀ sí eré méje tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ lè máa tẹ̀ lé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ronú rẹ̀, nítorí àwọn darandaran California tí wọ́n jogún àṣà àwọn ará Sípéènì ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹṣin kan ṣoṣo kí wọ́n tó fi irin sí i lẹ́nu, Xenophon ọmọ Gíríìsì náà sì ti kọ̀wé ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn pé ipá kì í mú kí ẹṣin ṣe ohun tó dára.

Mo mọ ẹṣin lò fúnra mi. Kí ló dé tí kíkọ́ ọ̀rẹ́ mi fi máa ń le?

Nítorí pé ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni ọwọ́ yín ń ṣe láìjẹ́ pé ẹ̀ ń ronú sí i. Ẹṣin kì í kọ́ ẹ̀kọ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí a bá dẹwọ́ ló ń kọ́ ọ. Ohunkóhun tí ẹṣin bá ń ṣe lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá tí a dẹwọ́ ni yóò gbà pé ó jẹ́ ìdáhùn tí a ń fẹ́. Bí ọ̀rẹ́ yín bá fi ọwọ́ tẹ àyà ẹṣin pé kí ó rìn sẹ́yìn, tí ẹṣin sì fi ara tì í padà, tí ó wá rẹ ọ̀rẹ́ yín tó sì gbé ọwọ́ kúrò, ẹṣin náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan dájúdájú: pé bí ènìyàn bá tẹ òun láyà, kí òun tì í padà. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta bẹ́ẹ̀, ó ti di àṣà.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kì í ṣe ẹṣin ni ẹ óò kọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹṣin yín ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ yín ni ẹ óò kọ́, ẹ ó sì kọ́ ọ láti tètè dẹ̀ ju kí ó tètè fà lọ. Olùkọ́ tó bá fi gbogbo wákàtí ẹ̀kọ́ sọ pé "fà á, tẹ̀ ẹ́, tì í" tí kò sọ pé "ó tó, dẹwọ́" ti fi ìdajì tó wúlò jù sílẹ̀.

Irú ẹṣin wo ni kí n fà kalẹ̀ fún un?

Èyí tó ti dàgbà, tó ti rí oríṣiríṣi ènìyàn, tí kì í sì bẹ̀rù okùn. Abo tàbí akọ tí a ti tẹ̀ lọ́dàá ló dára. Ẹṣin tí kò tíì mọ nǹkan kò gbọdọ̀ pàdé ènìyàn tí kò tíì mọ nǹkan, bó ti wù kí ẹ dúró tì wọ́n tó. Ní Nàìjíríà, akọ tí a kò tẹ̀ ló pọ̀ nínú àwọn ẹṣin tí à ń rí níbi ayẹyẹ. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ onísùúrù, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe lo irú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ níbi tí abo ẹṣin bá wà nítòsí.

Kí ẹ fúnra yín kọ́kọ́ bá ẹṣin náà ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ lè mọ irú ọkàn tó fi jí.

Àwọn ohun èlò wo ni a nílò?

Wọn kò pọ̀. Ìjánu okùn tí kò ní irin lẹ́nu, okùn ìfà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ọ̀pá fífúyẹ́ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 tí a ó máa lò bí ẹni pé apá wa ló gùn sí i, àti ibi tó tẹ́jú tí a sọ ọgbà yí ká. Ọ̀rẹ́ yín gbọ́dọ̀ dé akoto, kí ó wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ó sì wọ ìbọ̀wọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì mọ okùn. Ẹ má gbà fún un láti wọ sálúbàtà. Ẹṣin tó dàgbà lè wọn 400 sí 500 kílógírámù, pátákò rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ wà lábẹ́ òun.

Ohun méjì ni kí ẹ sọ nípa okùn kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Èkíní, a kì í wé okùn mọ́ ọwọ́ rárá. Ṣe la máa ń ká a síra wọn, tí a ó sì di àárín rẹ̀ mú, kí ó lè yọ jáde bí ẹṣin bá sá. Èkejì, a kì í fi ìjánu okùn so ẹṣin mọ́lẹ̀ kí a sì fi í sílẹ̀ lọ, nítorí okùn yẹn kì í já. Bí ẹ̀rù bá ba ẹṣin, ọrùn rẹ̀ ni yóò jìyà.

Kí ni ọ̀rẹ́ mi lè kọ́ kí ó tó sún mọ́ ẹṣin rárá?

Ọ̀pọ̀ ohun, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù. Ẹ gbé ìjánu okùn dání, kí ẹ̀yin méjèèjì dúró ní ojúkojú láìsí ẹṣin níbẹ̀. Kí ọ̀kan fi ọwọ́ méjèèjì di ìjánu náà mú níwájú àyà, kí ó dijú. Òun ni ẹṣin. Kí èkejì di okùn mú ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì sí i, kí ó sì gbìyànjú láti mú "ẹṣin" náà wá síwájú, padà sẹ́yìn, yà sọ́tùn-ún, yà sósì, láì sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín kọ́kọ́ ṣe ẹṣin. Bí ó ti dijú yẹn, yóò mọ ìgbà tí okùn náà kọ́kọ́ gbéra nílẹ̀, ìgbà tí ó nà, àti ìgbà tí ó wá le mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá fa okùn náà lójijì, èjìká rẹ̀ á le, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì dúró gírí kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe. Bí ẹ bá wá kan pa ọmọ ìka yín dé mọ́ okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ dúró, tí ẹ sì tú u sílẹ̀ ní kété tí ara rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fà á. Ẹ bi í léèrè irú èyí tó wù ú nínú méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ̀yin di ẹṣin, kí ẹ sì máa sọ fún un ní kedere pé: "O dẹwọ́ lásìkò," tàbí "Mo ti gbé ẹsẹ̀, o ṣì di okùn mú." Ẹṣin kò lè sọ ọ́ fún un, ẹ̀yin lè sọ ọ́.

Nínú eré yìí náà ni kí ó ti kọ́ ìpele mẹ́rin tí a fi ń béèrè. Kí ó fi ọmọ ìka kan irun nìkan. Bí kò bá sí ìdáhùn, kí ó kan awọ. Lẹ́yìn náà kí ó tẹ ẹran ara. Lẹ́yìn náà kí ó tẹ̀ ẹ́ dé egungun. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gòkè, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn olùbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń yí i po: wọ́n á gòkè lójijì, wọ́n á wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Báwo ni yóò ṣe kọ́kọ́ sún mọ́ ẹṣin?

Láti ẹ̀gbẹ́, kí ó dojú kọ èjìká ẹṣin, kí ara rẹ̀ dẹ̀, kí ó máa rìn bí ẹni tí kò kánjú. Ojú ẹṣin wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, nítorí náà ó ń rí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán, nǹkan bí 350 nínú 360 ìwọ̀n ìyíká. Ṣùgbọ́n kò rí ohun tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ohun tó sún mọ́ iwájú orí rẹ̀ àti abẹ́ imú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín lè máa fi ìfẹ́ na ọwọ́ sí iwájú orí ẹṣin, kí ó sì máa ṣe é ní kàyéfì pé ẹṣin gbé orí sókè. Ibi tí ẹṣin kò rí ni ọ̀rẹ́ yín na ọwọ́ sí.

Kí ó dúró ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mélòó kan, kí ó na ẹ̀yìn ọwọ́, kí ó sì jẹ́ kí ẹṣin gbé imú wá bá òun. Bí ẹṣin bá yí orí kúrò, kí ọ̀rẹ́ yín náà yí ara kúrò, kí ó rìn sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan, kí ó tún wá. Sísún mọ́ ọn àti fífà sẹ́yìn yìí ni a ó máa lò títí dé òpin ẹ̀kọ́. Bí ó bá fẹ́ gba ẹ̀yìn ẹṣin kọjá, kí ó fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀, kí ara rẹ̀ sún mọ́ ti ẹṣin pẹ́kípẹ́kí, tàbí kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i. Àárín méjèèjì ni ìpá ti ń balẹ̀.

Báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí ẹṣin ń sọ?

Etí ni kí ó kọ́kọ́ máa wò. Etí kan tó yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹṣin ń fetí sí i, bí orí rẹ̀ kò tilẹ̀ yí. Etí méjèèjì tó lẹ̀ mọ́ ọrùn pátápátá jẹ́ ìkìlọ̀. Kí ó wo ètè ìsàlẹ̀, bóyá ó dẹ̀ tàbí ó fún. Kí ó wo imú, bóyá ó là gbòòrò. Kí ó wo ìrù, bóyá ó ń jù ú nígbà tí kò sí eṣinṣin. Ẹṣin tó sinmi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, tó rẹ orí sílẹ̀, tó sì fẹ́ èémí gígùn láti imú, ara tù ú. Ní ti jíjẹ ẹnu àti lílá ètè, àwọn olùkọ́ kan máa ń sọ pé ó túmọ̀ sí pé ẹṣin ti gbọ́ ẹ̀kọ́. Ohun tó dájú jù ni pé ó sábà máa ń wáyé nígbà tí ara ẹṣin tó ti le tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí dẹ̀. Nítorí náà, bí ẹṣin bá ń ṣe é léraléra, ẹ bi ara yín ohun tó mú kí ara rẹ̀ le ní ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ọ̀rẹ́ yín sì mọ̀ pé bí òun ṣe ń wo ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin ń wo òun. Ní Berlin, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ẹṣin kan wà tó ń jẹ́ Hans, tí ẹni tó ni ín, Wilhelm von Osten, gbà gbọ́ pé ó mọ ìṣirò. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè, yóò sì máa fi pátákò lu ilẹ̀ títí yóò fi dé iye tó tọ́. Ní 1907 ni Oskar Pfungst fi hàn pé ara ẹni tó béèrè ni Hans ń wò: orí ẹni náà máa ń mì díẹ̀ nígbà tí iye bá pé, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Níbi tí olùbéèrè kò bá ti mọ ìdáhùn, Hans náà kì í mọ̀ ọ́n. Bí ẹṣin bá lè rí irú ohun kékeré bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rẹ́ yín má ṣe rò pé ẹṣin kò rí èjìká tó le àti èémí tí òun há mọ́nú.

Iṣẹ́ wo ni kí ó kọ́kọ́ bá ẹṣin ṣe?

Mẹ́ta péré tó: kí ẹṣin rìn sẹ́yìn, kí ẹṣin yí ìdí rẹ̀ kúrò, kí ẹṣin sì bá a rìn kí ó sì bá a dúró.

Rírìn sẹ́yìn ló ń fi ààlà sáàárín wọn. Kí ó dúró níwájú ẹṣin díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó na ara ró, kí ó gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú, kí ó sì mi okùn díẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo sẹ́yìn ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́.

Yíyí ìdí ni kí ẹ fara balẹ̀ lé jù, nítorí inú ìdí àti itan ni agbára tí ẹṣin fi ń sá àti èyí tí ó fi ń fò sókè wà. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan bá ti kọjá níwájú èkejì, agbára yẹn ti tú ká. Kí ọ̀rẹ́ yín dúró ní ẹ̀gbẹ́ èjìká, kí ó fi okùn tẹ imú ẹṣin sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ díẹ̀, kí ó tẹ̀ ba díẹ̀, kí ó sì tẹjú mọ́ ìdí ẹṣin. Bí ìyẹn kò bá tó, kí ó na ọ̀pá sí ibẹ̀. Bí ìyẹn náà kò bá tó, kí ó fi ọ̀pá kan irun. Ẹ wá dúró tì í, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó sún mọ́ ọn. Kí ẹsẹ̀ yẹn tó gbéra, ìwúwo ara ẹṣin á kọ́kọ́ lọ sí ẹsẹ̀ kejì. Iṣan itan á gbọ̀n, gìgísẹ̀ pátákò á fẹ́ẹ́ ṣí nílẹ̀, iwájú pátákò á ṣì wà nínú yanrìn. Ibẹ̀ gan-an ni kí ó ti dẹwọ́, kí ó nàró, kí ó wo ibòmíràn, kí ó sì mí. Kò tíì sí ìgbésẹ̀ kankan, ìgbìyànjú nìkan ló wà. Bí a bá san èrè fún ìgbìyànjú yẹn, ìgbésẹ̀ yóò tẹ̀ lé e nígbà kejì. Bí a bá dúró de ìgbésẹ̀ tó pé kí a tó dẹwọ́, ẹṣin yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdáhùn mìíràn, ó sì lè jẹ́ èyí tó léwu.

Ní ti bíbá a rìn, kí okùn ṣe kọrọdọ sísàlẹ̀ láàárín wọn, kí ọ̀rẹ́ yín dì í mú bí ẹni tó di ọmọdé lọ́wọ́ mú sọdá títì: kí ó mọ̀ pé ọwọ́ wà níbẹ̀, kí ó má sì dùn ún. Bí ó bá dúró, kí ẹṣin dúró. Bí ẹṣin bá kọjá rẹ̀, kí ó padà sí iṣẹ́ àkọ́kọ́, rírìn sẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ mi ń bẹ̀rù gidigidi. Ṣé kí n sọ fún un pé kò sí ohun tí yóò ṣe é?

Rárá, nítorí kì í ṣe òótọ́, òun náà sì mọ̀. Ẹ sọ fún un pé ó bójú mu kí ènìyàn ṣọ́ra fún ẹranko tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi hàn án ohun tí yóò ṣe tí yóò fi dín ewu kù. Ìbẹ̀rù tí ẹnìkan gbé wá máa ń ran ẹṣin. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2009 láti Sweden, wọ́n sọ fún àwọn tó ń fa ẹṣin àti àwọn tó ń gùn ún pé agboòrùn kan yóò ṣí lójijì bí wọ́n bá ń kọjá. Agboòrùn náà kò ṣí rárá, síbẹ̀ àyà ènìyàn ń lù kíkankíkan, ti ẹṣin náà sì ń bá a lù.

Nítorí náà, ẹ má fi ipá mú un sún mọ́ ẹṣin. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò dúró, bí ìta ọgbà ni. Ẹ fún un ní búrọ́ọ̀ṣì, kí ó máa gbá ọrùn àti èjìká ẹṣin nígbà tí ẹ̀yin di okùn mú. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe máa ń mú kí ọkàn rọlẹ̀. Ẹ rán an létí kí ó máa fẹ́ èémí jáde ní gígùn ju bí ó ti fà á sínú lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹṣin náà yóò fẹ́ èémí tirẹ̀ jáde tẹ̀ lé e, ojú ọ̀rẹ́ yín á sì là nígbà tó bá gbọ́ ọ.

Ó wá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ mi kò bẹ̀rù rárá ńkọ́?

Èyí ló ń dà mí láàmú jù. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tó kéré, tó sì gba ìṣọ́ra, irú bí kí ẹṣin gbé ẹsẹ̀ iwájú kan ṣoṣo kí ó sì dúró. Ẹ má ṣe yọ̀ǹda okùn fún un láìsí yín nítòsí.

Ṣé dandan ni kí ẹṣin mọ̀ pé òun ni ọ̀gá?

Àwọn olùkọ́ kan ṣì ń kọ́ni bẹ́ẹ̀, pé ènìyàn gbọ́dọ̀ di olórí agbo. Èmi kò fara mọ́ ọn, mo sì rò pé ó ń ba ọ̀rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ jẹ́, nítorí yóò bẹ̀rẹ̀ sí rí gbogbo àṣìṣe ẹṣin bí àfojúdi. Ẹṣin kò rò pé ènìyàn jẹ́ ẹṣin. Ẹ wo eré inú ọgbà róbótó, èyí tó sábà máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 60, níbi tí a ti ń lé ẹṣin yí po títí yóò fi yíjú padà tí yóò sì máa tẹ̀ lé ènìyàn. Wọ́n máa ń sọ pé ẹṣin ti gba ènìyàn náà ní aṣáájú. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sydney fi mọ́tò ìṣeré tí a ń fi rìmóòtì darí ṣe irú eré kan náà: mọ́tò á lé ẹṣin, á sì dúró nígbà tí ẹṣin bá ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Àwọn ẹṣin náà kọ́ láti yíjú sí mọ́tò. Kò sí ẹṣin tó fi mọ́tò ìṣeré joyè. Dídẹwọ́ lásìkò ló ṣe iṣẹ́ náà, bí ó ti ń ṣe é nínú gbogbo ohun tí a ti sọ sẹ́yìn.

Fún ìdí yìí, ẹ má fi ọgbà róbótó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ ìgbà tí a ń dẹwọ́ yóò kàn máa lé ẹṣin kiri ni.

Ṣé kí ó fún ẹṣin ní káróòtì?

Ó lè fún un lẹ́yìn ẹ̀kọ́, nínú abọ́, kì í ṣe láti àpò. Ẹṣin tó ti mọ̀ pé oúnjẹ wà nínú àpò yóò máa fi imú wá a, láìpẹ́ yóò máa fi eyín wá a. Bí ẹṣin bá gbé ẹnu sún mọ́ apá ọ̀rẹ́ yín, kí ó má lù ú lẹ́nu. Kí ó ní kí ẹṣin rìn sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ méjì.

Ǹjẹ́ a lè lo ọ̀nà yìí fún ẹṣin tí wọ́n ń gùn ní Òjúde Ọba tàbí ní Ìlọrin?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yẹ kí a túbọ̀ máa lò ó. Ilẹ̀ wa kì í ṣe àlejò sí ẹṣin: agbára Ọ̀yọ́ Ilé wà lórí àwọn agẹṣinjagun rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Òkè-Ọya ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin, tí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í sì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé nínú igbó ní gúúsù. Lóde òní, ní ọjọ́ kẹta Ìléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀ láàárín ìlù, ìró ìbọn àti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Púpọ̀ nínú ẹṣin wọ̀nyí ló ń fara da ariwo náà nítorí pé irin ẹnu wọn le, kì í ṣe nítorí pé ọkàn wọn balẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe ni kí a bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú ayẹyẹ. Kí onílù kan dúró ní òkèèrè, níbi tí ẹṣin ti gbọ́ ìlù tí kò sì sá. Kí ó máa lù ú. Ní kété tí ẹṣin bá rẹ orí sílẹ̀ tàbí tó fẹ́ èémí, kí ìlù dúró. Lẹ́yìn náà kí onílù sún mọ́ ọn ní ìgbésẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín lè di okùn mú nínú ẹ̀kọ́ yìí lẹ́yìn tó bá ti mọ iṣẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí ẹ sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin náà lójoojúmọ́, tó sábà máa ń jẹ́ ẹni tó dàgbà sídìí ẹṣin ní Òkè-Ọya. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó ń dẹ́rù ba ẹṣin náà kí ẹ tó tú u.

Ìgbà wo ni yóò gun ẹṣin?

Kì í ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó mọ ilẹ̀ náà dáadáa kí ó tó kúrò lórí rẹ̀. Bí ó bá ti lè ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú okùn tó dẹ̀, ní apá òsì àti ní apá ọ̀tún, kí ẹ kọ́ ọ láti yí ọrùn ẹṣin sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí òun ṣì wà nílẹ̀: kí ó fa okùn rọra sí ìhà gàárì, kí ó sì dúró títí imú ẹṣin yóò fi tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀, kí ó wá tú u. Èyí ni ìdádúró tí yóò lò bí ẹṣin bá fẹ́ sá pẹ̀lú rẹ̀ lórí, nítorí ẹṣin tí ọrùn rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ìdí rẹ̀ sì ń yí kúrò kò lè sáré tààrà. Nígbà tó bá gùn ún, ẹ̀yin ni kí ẹ di okùn mú nílẹ̀, kí òun sì máa kọ́ bí a ti ń jókòó.

Báwo ni ẹ̀kọ́ kan ṣe yẹ kí ó pẹ́ tó?

Ìdajì wákàtí pẹ̀lú ẹṣin ti tó. Ẹ ṣe é ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, kí omi sì wà nítòsí. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí nǹkan kan bá lọ dáadáa, bí àkókò kò tilẹ̀ tíì pé.

Ẹṣin tó máa ń ṣe dáadáa kọ̀ jálẹ̀ lónìí. Kí ni ká ṣe?

Ẹ dá ẹ̀kọ́ dúró, kí ẹ sì wá ibi tó ń dùn ún. Ẹ gbé pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò fún òkúta, kí ẹ sì fọwọ́ kàn wọ́n bóyá ọ̀kan gbóná ju àwọn yòókù lọ. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ibi tí gàárì máa ń jókòó sí. Ẹ rántí eyín, nítorí eyín ẹ̀gbẹ́ ẹṣin máa ń mú bí abẹ, ó sì máa ń gé e lẹ́rẹ̀kẹ́. Ooru ara ẹṣin tó dàgbà tí ara rẹ̀ le yẹ kí ó wà láàárín 37.5 sí 38.5 lórí ìwọ̀n Celsius, kí ọkàn rẹ̀ sì máa lù ní nǹkan bí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan bí ó bá ń sinmi.

Bí ó bá ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, tó ń bojú wo ìhà rẹ̀, tó ń dùbúlẹ̀ tó sì ń yí gbirigbiri, tàbí tí kò yàgbẹ́, inú ló ń run ún. Ẹṣin kò lè bì, nítorí náà irú inú rírun bẹ́ẹ̀ lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ yín fi ìka méjì kan iṣan tó ń lù lábẹ́ egungun àgbọ̀n ẹṣin, kí ó kà á fún ìṣẹ́jú kan, kí ó sì kọ iye náà sílẹ̀ pẹ̀lú aago tó kà á, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí dókítà yóò béèrè lórí fóònù nìyẹn.